Wọ́n Fa Omi, Wọ́n Fi Ìgbẹ́ Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Tó Ń Kó Sọ́kàwéè Ní Abẹ́òkúta

Ìṣẹ́jú 14 péré ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó wá kó sọ́kàwéè wa fi kùn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ iṣẹ́ wọn pa á, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbẹ.” Kò gbẹ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ti tún ń bì sókè bí ẹni pé ọkọ̀ kankan ò yà sí Ìbarà rí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá kà á délẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé fi ẹnu kan sọ.

Ohun tí gbogbo wa ń pè ní sọ́kàwéè, nǹkan méjì ni: táǹkì oníyàrá méjì tí ìgbẹ́ ń wọ̀, àti kòtò tí omi rẹ̀ ń bá wọlẹ̀. Nínú táǹkì, ọ̀rá àti pàǹtí léfòó lókè, omi wà láàárín, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ jókòó sísàlẹ̀. Yàrá àkọ́kọ́, tí páìpù ilé já sí, ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ yìí ò ṣí yàrá àkọ́kọ́. Ti kejì ni wọ́n ṣí, torí ìdérí rẹ̀ fúyẹ́. Ti àkọ́kọ́ gba ẹni méjì àti dígà. Omi tó wà lókè ṣàn bọ̀ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n fà á, họ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ tán. Tí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́: omi orí ògì ni wọ́n dà nù, wọ́n fi ògì sílẹ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ilé orí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà mọ̀ nípa èyí dáadáa. Níbi tí wọ́n bá pàgọ́ sí, tí wọ́n so páìpù ọkọ̀ mọ́ páìpù ìdọ̀tí ibẹ̀, wọn kì í ṣí fáàfù táǹkì ìgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á tì í títí yóò fi kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí omi lè pọ̀ tó láti gbá ìgbẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ṣí ti omi ìwẹ̀ kó fọ họ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀, omi á máa sá lọ, ìgbẹ́ á dúró bí òkìtì ọ̀gán. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.

Mo pè wọ́n. Àǹtí tó gbé fóònù kọ́kọ́ ní òjò ló fà á. Mo ní mo ti fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. “Ọ̀pá báwo, sà?” Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, torí ẹ̀rí tí wọn ò lè jiyàn rẹ̀ nìyí. Ẹ wá ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ẹ fi aṣọ funfun tó nípọn wé e láti ìdí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ẹ dì í pinpin. Ẹ tì í bọ yàrá àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ilẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ fà á yọ lóòró. Ibi tí aṣọ bá dúdú dé, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ibi tó kàn tutù, omi ni. Yàrá tiwa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ó fẹ̀ ní mẹ́rin, omi rẹ̀ jìn ní márùn-ún. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló dúdú. Èyí tó nǹkan bíi lítà 1,700, nínú yàrá tí kò gbà ju nǹkan bíi 2,830 lọ! Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ ló yẹ kí èèyàn pe ọkọ̀. Tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wá tó ti lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá sì ń gba lítà 10,000, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó kún.

Àǹtí dákẹ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n fi bàbá ránṣẹ́ sí yín.”

Bàbá dé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìbínú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ látìgbà tó ti ní kí wọ́n ṣí ìdérí méjèèjì. Ó lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáná. Ọmọ aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ láti yọjú wo inú rẹ̀, bàbá sì pariwo mọ́ ọn. Òótọ́ ló sọ: gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́ yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí, tó bá sì pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ṣíṣí ìdérí sílẹ̀ kò sọ ibẹ̀ di ibi tí èèyàn lè wọ̀.

Ó yọ họ́ọ̀sì onínṣì mẹ́ta, ó fi ti ínṣì mẹ́rin sí i. Ó fetí sí oríkèé họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣe “ṣíìì” ń fa afẹ́fẹ́ nìyẹn, ó sì pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Ó fa omi díẹ̀, lẹ́yìn náà ló yí ọwọ́ ẹ̀rọ padà, ọkọ̀ sì fẹ́ nǹkan bíi lítà 500 padà sí ìdí táǹkì. Àṣírí iṣẹ́ náà nìyẹn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ti le kì í rìn wá bá họ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì á kàn lu ihò sí i láàárín, á máa fa omi àti afẹ́fẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti tán. Ọmọ iṣẹ́ fi ọparun rò ó bí ẹni ro àmàlà, wọ́n tún fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, ìṣẹ́jú 50. Ọ̀pá mi jáde pẹ̀lú dúdú ínṣì mẹ́rin péré. Bàbá ní ká fi ìyẹn sílẹ̀, kí kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìgbẹ́ má bàa tán. Ká má sì da Izal sí i, ká bu omi sí táǹkì lọ́jọ́ náà, torí táǹkì tó ṣófo lásìkò òjò, omi ilẹ̀ lè ti ògiri rẹ̀ wọlé.

Ìgbà yẹn ló tó tan iná tọ́ọ̀ṣì sí páìpù Tíì, èyí tó rí bíi lẹ́tà T, tí omi ń gbà jáde lọ sí kòtò. Wáìpù àti páàdì ló dí i. Nígbà tó yọ wọ́n, omi díẹ̀ ṣàn padà láti kòtò, ó dúró. Ó ní, “Kòtò yín ṣì ń mí. Ká ní kò dúró ni, ẹ ò bá pè wá nígbà mẹ́wàá, asán ni.” Ó lè dákẹ́ kó gba owó tíríìpù kejì. Ilẹ̀ wa náà lọ́wọ́ sí i: abẹ́ òkúta la wà, òkúta kì í mumi. Láti Ìtókò dé Aké, agbẹ́lẹ̀ kì í gbẹ́ jìnnà kí dígà tó kan àpáta, kòtò á wá fẹ̀ dípò kó jìn, omi á sì pẹ́ kó tó wọlẹ̀. Kíkó o lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù.

Wọn ò gba kọ́bọ̀ fún ìpadàbọ̀ yìí. Àmọ́ bí bàbá ṣe kọjú sẹ́yìn, ọmọ iṣẹ́ ti ń ta kẹ́míkà fún ìyá onílé: “Màmá, ẹ ò ní pè wá fún ọdún mẹ́wàá.” Kò sí kẹ́míkà tó ń jẹ iyanrìn àti wáìpù. Họ́ọ̀sì kán sórí íńtálọ́ọ̀kù láti ẹ̀yìnkùlé dé géètì. Àwa la fọ̀ ọ́. Mo bi dírẹ́bà pé ibo ló ń dà á sí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n ń dà á sí náà ni.” Odò Ògùn ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ wa ní Arákàngà, ìdáhùn yẹn ò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin. Tí ẹ bá dá wọn mọ̀, tí ẹ sì máa pè wọ́n, bàbá ni kí ẹ béèrè. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.