Shotcut: àgbéyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to fídíò ẹbí nínú ilé

Bí ẹ bá ń wá sọ́fítíwià tí yóò fi òdòdó àti ìràwọ̀ yí ojú ìyàwó ká lórí fídíò, Shotcut kọ́ lẹ ń wá. Ojú rẹ̀ rí bí ilé tí wọ́n kọ́ tán tí wọn kò tíì kùn. Ṣùgbọ́n èmi kì í fi fídíò jẹun. Ti ẹbí ni mò ń tò: ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí Màmá, ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe òdòdó, bí kò ṣe fídíò tó ń há nígbà tí mo bá ń gé e, export (gbígbé fídíò tí mo tò jáde sí fáìlì kan) tó ń kú sójú ọ̀nà, àti fáìlì tó parí tán tí tẹlifíṣọ̀n ilé àwọn àgbà ní òun kò lè ṣí. Orí ọ̀ràn mẹ́ta yìí ni mo ti wo Shotcut.

Sọ́fítíwià olówó kan ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí export rẹ̀ bá kọsẹ̀, kò ní sọ ju pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe wo? Níbo? Kò sí èsì. Shotcut náà máa ń kọsẹ̀, kò sí èyí tí kì í kọsẹ̀ nínú wọn, àmọ́ ó máa ń rojọ́. Gbogbo export tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ló ń wọ inú pánẹ́ẹ̀lì Jobs, ẹ ó sì máa rí ìdá ọgọ́rùn-ún tó ti ṣe. Tó bá kú, ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan View Log. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n ìlà mélòó kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nìkan lẹ nílò. Níbẹ̀ ló sábà máa ń wà, bóyá àyè ti tán lórí díìsìkì ni o, tàbí fáìlì kan ni kò ṣeé kà.

Nígbà tí mò ń to fídíò ìsìnkú kan, ojú kan náà ni export ń kú sí. Mo wo ìdá tó dé nínú Jobs, mo lọ sí ibi tó bá a mu lórí timeline (ìlà tí a ń to àwọn fídíò sí), mo bá bá fáìlì kékeré kan níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kan fi ránṣẹ́. Mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀ ló ti bà á jẹ́. Bí mo ṣe yọ ọ́ ni iṣẹ́ parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́ ni Shotcut, kì í fi àmì kankan lu ojú àwòrán yín, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Dan Dennedy ló ń darí rẹ̀. Òun náà wà lára àwọn tó dá MLT sílẹ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó gbé Shotcut dúró, tó sì gbé Kdenlive, sọ́fítíwià ìto-fídíò mìíràn, náà dúró. FFmpeg, àkójọ irinṣẹ́ tó mọ oríṣiríṣi fáìlì fídíò àti ohùn, ló ń bá a ka fáìlì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi sábà kọ ohunkóhun tí ẹ bá gbé fún un.

Ibi tó ti wù mí jù ni ọ̀rọ̀ ohùn tó ń yẹ̀ kúrò lára àwòrán. Ẹ ti rí i rí: gbogbo rẹ̀ dọ́gba níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di ìdajì wákàtí, pásítọ̀ ti panu dé tán kí “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà” tó dún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Fóònù gan-an ló fà á. Iye àwòrán kan náà ni kámẹ́rà gidi ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 25 tàbí 30, kì í yí i padà. Ti fóònù kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí iná gbọ̀ngàn bá ṣókùnkùn díẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún un, ó lè dín iye rẹ̀ kù, kó tún gbé e sókè padà. Sọ́fítíwià tó bá gbà pé 30 ni láti òkè dé ilẹ̀ yóò wá máa to àwòrán sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀, ohùn á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọ Shotcut, kò ní dákẹ́. Yóò sọ fún yín pé iye àwòrán rẹ̀ kò dúró sójú kan, pé irú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán fún gígé, yóò sì bèèrè bóyá kí òun yí i padà. Ìpele mẹ́ta ló máa ń gbé síwájú yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀ láti fún fídíò pọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni H.264 tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ti dá dúró fúnra rẹ̀, èkejì ni DNxHR, ẹ̀kẹta sì ni Ut Video, tí kì í sọ ohunkóhun nù nínú àwòrán ṣùgbọ́n tó lè jẹ díìsìkì yín tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún ìnáwó ilé, ti àkọ́kọ́ ti tó. Ẹ má kánjú tẹ bọ́tìnnì tó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba àkókò, àmọ́ ẹ lè lọ rokà kí ó tó parí.

Ní ti fídíò tó ń há nígbà tí ẹ bá ń wò ó lórí timeline, kì í fi gbogbo ara túmọ̀ sí pé fáìlì ti bàjẹ́. H.264 àti H.265 kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi; ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó lè fi àwòrán kan hàn yín, ó lè ní láti kọ́kọ́ tú ọ̀pọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Bó bá wá jẹ́ 4K, ìyẹn fídíò tí àwòrán rẹ̀ tóbi gan-an, òógùn á bò ó. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ yan 360p tàbí 540p lábẹ́ Preview Scaling. Ohun tí ẹ ń wò nìkan ló ń dín kù, kò kan export rárá. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ tan Proxy. Shotcut yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà yẹn lẹ ó máa gé, ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà export, fáìlì gidi ni yóò lò. Èyí ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tó ti dàgbà ṣì wúlò.

Nínú Export fúnra rẹ̀, ohun méjì péré ni mo ní láti sọ. Ẹ wo àpótí From dáadáa kí ó jẹ́ Timeline ló wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ lè bá fáìlì ẹyọ kan péré níbi tí ẹ ti ń retí odindi ìnáwó. Èkejì, àwọn èèyàn fẹ́ràn láti tan “Use hardware encoder” (kí ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n dìídì ṣe fún fífún fídíò pọ̀ ṣe iṣẹ́ náà) pé yóò yá. Ó lè yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kan iṣẹ́ àwọn filter (àtúnṣe àwọ̀, ohùn àti irú wọn) tí ẹ kó lé fídíò lórí, tí ó sábà máa ń jẹ àkókò jù. Bí export bá ń kú láìsí ìdí tó hàn, hardware encoder yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kí ẹ tó pa Parallel processing, èyí tó ń pín iṣẹ́ sí ọ̀nà púpọ̀ nígbà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí tẹlifíṣọ̀n. Pé VLC, sọ́fítíwià tí a fi ń wo fídíò, ṣí fáìlì yín kì í ṣe ẹ̀rí o, nítorí ohun tí VLC kì í ṣí kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò mọ H.265, nítorí náà MP4 tó jẹ́ H.264 pẹ̀lú ohùn AAC, tí Default (ètò ìbẹ̀rẹ̀) Shotcut ń ṣe, ni kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdènà mìíràn wà lára fláàṣì: èyí tí wọ́n ṣe ní FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan láti ṣètò fláàṣì, kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó ju 4 GB lọ. Fídíò wákàtí kan ní 10 Mb/s (megabit mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) máa ń tó 4.5 GB, kò lè wọlé. Ní 8 Mb/s, 3.6 GB ni, ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ lè yan Average Bitrate lábẹ́ Advanced kí ẹ mọ ibi tí yóò dé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Fún WhatsApp, bí dókúmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún un fún pọ̀, gbogbo aṣọ ẹbí á sì di àwọ̀ kan náà.

Ọ̀rọ̀ NEPA náà kàn wá. MP4 tí iná lọ mọ́ lórí kò tíì kọ atọ́ka rẹ̀ tán, kò sì ní ṣí, bó tilẹ̀ ku ìṣẹ́jú kan kó parí. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì láìsí inverter lè gbé e jáde sí MKV, irú fáìlì fídíò mìíràn, ná. Ìwọ̀nba tí ó bá ti kọ yóò ṣì ṣeé wò. Iṣẹ́ tí ẹ tò kò ní parun, ó wà nínú fáìlì .mlt, bí ẹ bá ti ń tẹ Save. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú .mlt, kò gbé fídíò kankan dání. Bí ẹ bá ṣí fóldà fídíò yín kúrò níbi tó wà, yóò ní òun kò rí wọn mọ́.

Ibi tí mo ti yọ máàkì rẹ̀ ni àkọlé. Kò pọ̀, kò sì lẹ́wà. Irú lẹ́tà (font) tí ẹ bá yàn ló máa sọ bóyá àmì ohùn yóò jókòó síbi tó yẹ lórí ẹ́ àti ọ̀; Noto Sans ṣe é fún mi láìsí wàhálà, àwọn lẹ́tà ọlọ́nà máa ń da àmì wọn síbi tó wù wọ́n. Fóònù kò lè lò ó. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣe é sì ni pé kí RAM tó 8 GB fún HD, kí ó tó 16 GB fún 4K. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 4 GB, kó máa fi í gé fídíò kéékèèké ná.