Luray Caverns ní Virginia: ẹ má sáré kọjá nínú ihò yìí o

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá wà ní ìtòsí Virginia tàbí Washington DC, tẹ́ ẹ wá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa kó ará ilé lọ, ẹ lọ sí Luray Caverns. Mo ti lọ, mo sì tún máa lọ. Àmọ́ mo fẹ́ sọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ lọ ọ́ o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo rí níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń sáré, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún kọrí síbi tó kàn, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti jáde, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Inú láìmúsítóònù ni ihò yẹn wà, irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì. Omi òjò tó bá gba inú ilẹ̀ kọjá máa ń ní ásíìdì díẹ̀ nínú, òun ló ń jẹ òkúta yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tí ihò fi dá síbẹ̀. Omi yìí náà ló tún ń kó ohun tó jẹ lókè wá sísàlẹ̀, tó bá ti kán, ìwọ̀nba bíńtín á ṣẹ́kù, á gan, òmíràn á tún kán lé e. Èyí tó so rọ̀ látòkè ni stalactite, èyí tó ń hù bọ̀ látìsàlẹ̀ ni stalagmite, tí méjèèjì bá wá pàdé wọ́n á di òpó. Wọ́n ní nǹkan bí 120 ọdún ló ń gbà kó tó pọ̀ tó ohun tó máa kún àpótí kékeré tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò ju ínǹṣì kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ wá gbójú sókè wo òpó tó ga ju èèyàn márùn-ún lọ, kẹ́ ẹ ṣírò iye ọdún tó wà lára ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi sí bàbá kan tó gbé ọmọ ẹ̀ sókè pé kó fọwọ́ kan ọ̀kan tó ṣì ń kán. Epo ara ọwọ́ èèyàn ò ní jẹ́ kí omi lè lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa mọ́, ibẹ̀ á sì dúdú. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ látilé o.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni Dream Lake. Omi yẹn dákẹ́ débi pé tẹ́ ẹ bá wò ó, kòtò jíjìn lẹ máa rí, tí òkúta ṣóńṣó ṣóńṣó kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin náà á sì búra pé bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó so rọ̀ lókè lẹ ń rí nínú omi, omi ọ̀hún ò sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì! Mo lóṣòó síbẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn, ìgbà tí ẹ̀kán omi kan já bọ́ tí gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í mì ni mo tó gbà. Ẹni tó ń sáré ò lè rí ìyẹn láé.

Saracen's Tent náà, òkúta tó ṣẹ́po bí aṣọ, ó fẹ́lẹ́ débi pé iná ń là á kọjá. Èyí tó bá funfun báláú, kò sí àdàlù nínú ẹ̀ nìyẹn, irin inú ilẹ̀ ló ń sọ àwọn yòókù di pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀.

Wọ́n tún ní dùùrù kan, Great Stalacpipe Organ. Leland Sprinkle, ẹnjiníà kan, ló ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó wá stalactite 37 tí ohùn wọn bára mu káàkiri ilẹ̀ tó fẹ̀ tó éékà mẹ́ta àtààbọ̀, hámà kéékèèké tó ní rọ́bà lẹ́nu ló ń lù wọ́n. Tó bá ń dún ẹ ò ní mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Ó dùn ún gbọ́, òótọ́ ni, àmọ́ kó tó lè rí ohùn tó fẹ́ ó ní láti ha lára wọn, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1878 ni wọ́n rí ihò yìí. Andrew Campbell tó ń fi páànù ṣiṣẹ́ àti Benton Stebbins tó jẹ́ onífọ́tò wà lára àwọn tó rí i, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ jáde látinú kòtò kan ló ta wọ́n lólobó, wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n fi okùn àti àbẹ́là wọlé. Àbẹ́là o! Ohun tá à ń fi gbogbo iná yẹn wò lónìí.

Ẹ mú súwẹ́tà dání, torí òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, nǹkan bí 54 Fahrenheit ni inú ẹ̀ máa ń wà. Kanfáàsì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò yọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, omi ń kán sílẹ̀, ọ̀nà ẹ̀ sì gùn tó máìlì kan àti díẹ̀, ó ń dagun ó ń sọ̀. Àárọ̀ kùtù láàárín ọ̀sẹ̀ ló dáa jù. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn náà lẹ máa fi wọ mùsíọ́ọ̀mù ọkọ̀ àtijọ́ tó wà níta, ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá jáde, kẹ́ ẹ má bàa máa kánjú nínú ihò tìtorí ẹ̀.