Jẹnẹrétọ̀ sólà alágbèéká: iṣẹ́ tó lè gbé àti èyí tí kò lè gbé

Àpótí tí bátìrì rẹ̀ gba iná 1,024Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí), tí ínfátà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, jẹ́ wáàtì 1,000, tí páànẹ́lì wáàtì 200 sì bá a wá, ni a ń wò. Kí ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun àti kíláàsì kékeré tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ wọn rà á. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ mọ́ ooru, kó fi owó rẹ̀ sápò.

Ẹ má fi 1,024 yẹn ṣe ìṣirò o. Ínfátà máa ń jẹ tirẹ̀ kó tó gbé iná jáde. Nǹkan bí 870 ló máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ká ní láàptọ́ọ̀pù mẹ́fà ló wà ní kíláàsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa wáàtì 30, pẹ̀lú róútà wáàtì 10 àti gílóòbù LED méjì oníwáàtì 9. Wáàtì 208 nìyẹn, á gbé wọn fún wákàtí mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ẹ wá tan purojẹ́tọ̀ wáàtì 250 mọ́ ọn, kò ní pé wákàtí méjì tí gbogbo ẹ̀ á kú. Olùkọ́ tó bá mọ èyí á kó gbogbo àwòrán tó fẹ́ fi hàn sínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lọ́sàn-án tí oòrùn ṣì ń dá nǹkan padà sínú bátìrì, á sì fi ìyókù ṣe ìdánrawò. (Ìkọ́ni tiẹ̀ lè dára sí i bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò kọ ìyẹn sára páálí.)

Bọ́tìnì AC, èyí tó ń tan ínfátà, ló ń jí iná jù. Bí ẹ ò bá pa á, ínfátà á máa jẹ nǹkan bí wáàtì 10 lórí asán: 240Wh lọ́jọ́ kan. Láàptọ́ọ̀pù tó bá ń gba USB-C, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣáájì í, kò ní gba inú ínfátà kọjá rárá.

Ọ̀rọ̀ télọ̀ gba àròjinlẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ servo kì í fa iná tó nǹkan àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dààlì. Mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì ńṣe ló ń yí láìdúró. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,200 kọjá agbára àpótí yìí, ó máa pa ara rẹ̀ ni. Kí ẹ máa ránṣọ lójoojúmọ́, kí ẹ kó lílọ̀ jọ de ìgbà tí iná bá dé. Wẹ́dà àti onídìrí tó ń lo dúráyà ò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ dá. Purintà lésà náà lè tì í pa nígbà tó bá ń móoru. Ẹ lo oníìǹkì olómi.

Páànẹ́lì wáàtì 200 kì í sábà mú ju 150 wá, torí náà ó máa gbà tó wákàtí méje oòrùn tó mú dáadáa kí bátìrì tó kún. Òjìji ẹ̀ka igi kan péré lè gé e sí ìdajì. Ẹ gbé páànẹ́lì síta, kí àpótí wà níbòòji: tó bá gbóná kọjá nǹkan bí 45°C, kò ní gba ṣájì, tó bá tutù kọjá 0°C náà, bákan náà. Kí ẹ tó fi páànẹ́lì kejì kún un, ẹ wo Voc lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn fóòtì tó ń mú wá nígbà tí kò sí ohun tó ń fa iná rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóòtì 24, tí ẹ so méjèèjì tẹ̀ léra, ó di 48; ojú ìgbaná tí kò gbà ju 30 lọ lè jóná. Pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ so wọ́n.

Bátìrì LiFePO4 (irú lítíọ̀mù kan) bíi tirẹ̀ sábà máa ń gba ṣájì tó ìgbà 3,000 kó tó rẹ̀ sí 80%. Bí ẹ bá ka 870Wh nígbà 3,000, tí ẹ yọ ohun tí bátìrì ń pàdánù bó ṣe ń gbó, nǹkan bí yúníìtì (1,000Wh) 2,300 ni. Ẹ pín owó àpótí àti páànẹ́lì sí ọ̀nà 2,300, ẹ ó rí iye tí yúníìtì iná kan ń ná yín.

Àléébù tó dùn wá jù ni pé inú àpótí kan ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Bí ínfátà bá jóná, bátìrì tó ṣì lágbára bá a lọ nìyẹn. Ilé-ìwé tó ní yàrá tirẹ̀, kó ra bátìrì, ínfátà àti kọntirólà (èyí tó ń darí iná páànẹ́lì wọ bátìrì) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.