Ìkìlọ̀ o! Ìdánwò CCNA tí wọ́n ń ṣe fún yín lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkẹjà, ayédèrú ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò CCNA, ìyẹn ìdánwò ìmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń ṣe, tí ẹnì kan wá ní òun á bá a ṣe é ní ẹ̀dínwó ní Computer Village, kó ka ọ̀rọ̀ mi kó tó ki ọwọ́ bàpò. 280,000 náírà mi ti wọgbó. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, àmọ́ màá sọ ọ́.

Ẹnu ọmọkùnrin tó gbowó lọ́wọ́ mi dùn. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè mí ṣáá. Ó ní 300 dọ́là tí Cisco ń gbà, àwọn tí ò mọ ọ̀nà ló ń san án, pé iye tàwọn wà lọ́tọ̀. Mo ní ṣé kò níí sí wàhálà? "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ojoojúmọ́ là ń ṣe é." Ẹ ò rí ẹnu ọmọ burúkú!

Mo kàwé o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èsì ni mo lọ rà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá tan jẹnẹrétọ̀, màá jókòó ti subnetting, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kéékèèké, títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ mọ́. VLAN, OSPF, àwọn ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n mú mi gòkè lọ sí yàrá kan tí páálí UPS kún inú rẹ̀, wọ́n gbé lápútọ́ọ̀pù kan ka iwájú mi tí bọ́tìnì E rẹ̀ ti yọ, wọ́n ní ó yá. Kò sẹ́ni tó bi mí ní káàdì ìdánimọ̀. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò mi. Fóònù mi wà lápò. Ìyàwó mi tiẹ̀ pè mí, mo gbé e, mo ní ẹran wà nínú fíríìsà. Ọmọ kékeré kan tún gbé pure water wá fún mi. Pure water, nínú ìdánwò Cisco!

Ibo lèmi tí n kò ṣe irú ẹ̀ rí ti fẹ́ mọ̀ pé ní ibùdó Pearson VUE gidi, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Cisco ṣe ìdánwò náà, wọ́n á ní kí èèyàn kó fóònù sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, á fọwọ́ síwèé, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ títí 120 ìṣẹ́jú á fi pé? Àwọn kan ti ń sọ pé ojúkòkòrò ló mú mi. Ojúkòkòrò kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà kó tó di tiyín, ta ló pè yín ní olójúkòkòrò? Àmọ́ ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, ó yẹ kó ta mí lólobó.

Ìwé-ẹ̀rí yẹn gan-an ló dójú tì mí. Ó ń dán, orúkọ mi hàn gàdàgbà. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo ti ra bisikíìtì àti mínírà fún wọn. Ọ̀gá kan ní ẹ̀ka wa tó ti gba tirẹ̀ tipẹ́ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "CCNA Routing and Switching" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ yẹn ti kásẹ̀ ńlẹ̀ láti oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà tí 200-301, ìdánwò CCNA tuntun, dé. Èyí tó burú jù, ìbuwọ́lùwé John Chambers ló wà nísàlẹ̀, John Chambers tó ti fi ipò ọ̀gá àgbà Cisco sílẹ̀ fún Chuck Robbins láti ọdún 2015! Ó bi mí pé nọ́ńbà CSCO mi ńkọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí Cisco fi ń dá olùdánwò mọ̀, mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́. Ó tẹ kóòdù tó wà lára ìwé náà sórí ìkànnì Cisco, kò sí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Mo pe ọmọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o ò mọ̀ pé mọ́ọ̀kì lo ṣe ni?" Mọ́ọ̀kì! 280,000 fún mọ́ọ̀kì! Ó pa fóònù, ó dí nọ́ńbà mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni mo bá nínú yàrá náà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ Cisco, kẹ́ ẹ gba ibẹ̀ wọ Pearson VUE, kẹ́ ẹ sanwó níbẹ̀. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu. Ẹ lè jókòó sílé ṣe é, kámẹ́rà á máa wò yín. Packet Tracer, sọ́fítíwia Cisco tá a fi ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó rẹ̀ fẹ́nì kankan. Ẹni tó bá ń ta ìbéèrè àti ìdáhùn tí wọ́n jí, ẹ sá fún un. Ọwọ́ Cisco lè tẹ̀ yín, wọ́n á sì gba ìwé-ẹ̀rí yín. Ẹni tó bá ní òun á bá yín sanwó, olè ni. Olè ni gbogbo wọn! Ẹni tó ta ṣájà fún mi lánàá, mo ní kó kì í bọ iná lójú mi, kó tún yọ ọ́, kó tún kì í bọ̀ ọ́, kí n tó sanwó. Ó ń bínú. Kó máa bínú.

Ẹni tí ọmọkùnrin yìí bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kó kọ̀wé sí mi. Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ wa lórí WhatsApp àti rìsíìtì báǹkì. Lọ́jọ́ Ajé ni mò ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mi ò sì fẹ́ dá nìkan lọ.