Káàdì prepaid oníke àbí ti orí áàpù: èwo ni kẹ́ ẹ fi rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá ń lo mítà prepaid IBEDC l'Abẹ́òkúta ti mọ bí káàdì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́: iye tẹ́ ẹ bá kó sí i náà ló lè ná mọ. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, kò lè dé ìdí àkáǹtì tí owó oṣù yín ń wọ̀. Oríṣi méjì ló wà: oníke tí báńkì ń fúnni, àti èyí tó jẹ́ nọ́ńbà lásán lórí áàpù.

Ní ti àṣírí, ti áàpù ló borí. Ẹ lè ṣí ọ̀kan fún ọlọ́jà kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ má tan ara yín o: BVN àti NIN yín wà lọ́wọ́ àwọn tó ni áàpù, ọlọ́jà náà sì gbọ́dọ̀ mọ ilé tó máa gbẹ́rù wá.

Ní ti ìrọ̀rùn, ti áàpù ṣì ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti délẹ̀.

Owó tí wọ́n bá dá padà ni wàhálà. Ká ní bàtà ₦38,500 lẹ rà, tí ọlọ́jà wá ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín ti tán. Orí káàdì tẹ́ ẹ fi sanwó gan-an lowó ń padà sí, ó sì lè gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá ti tètè pa káàdì áàpù rẹ́, owó á dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé. Kò sọnù o. Ọ̀dọ̀ báńkì tó wà lẹ́yìn áàpù ló há sí. Ẹ ní kí ọlọ́jà fún yín ní ARN, nọ́ńbà tó ní díjíìtì 23 tí wọ́n fi ń tọpa owó. Screenshot pé òun ti dá a padà ò tó. Ẹ̀yin àti rọ́bọ́ọ̀tì áàpù lẹ ó wá jọ máa sọ ọ́: "Ẹ ṣeun fún sùúrù yín." Tó bá jẹ́ oníke, ẹ wọkọ̀ lọ Òkè-Ìlèwó, ẹ gbé káàdì àti ARN síwájú òṣìṣẹ́ báńkì, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ tẹ́ ẹ fi sùn.

Káàdì dọ́là orí áàpù tún ní tiẹ̀. Ká ní aláàdìrẹ Ìtòkú fi ń sanwó ìpolówó Facebook, tówó inú rẹ̀ ò tó. Facebook á tún gbìyànjú láti gbà á. Ọ̀pọ̀ áàpù ń yọ owó lórí gbogbo ìgbà tó bá kọ̀. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á ti káàdì pa. Ẹ kọ́kọ́ yọ káàdì kúrò níbi ìpolówó kẹ́ ẹ tó kó owó inú rẹ̀.

Kò sí èyí tí ò wúlò nínú méjèèjì. Ọlọ́jà tẹ́ ò mọ̀ rí, ẹ fi ti áàpù dán an wò, pẹ̀lú iye ọjà àti owó ìgbéwá nìkan. Aṣọ, bàtà, fóònù, gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dá padà, oníke ni. Kí ló wá kù tá à ń rà? Bó bá jẹ́ ti áàpù náà lẹ ṣì fẹ́, ẹ tẹ "freeze", ẹ má tẹ "delete", títí ọjà á fi dé tẹ́ ẹ ó sì ti wọ̀ ọ́ wò.