Hítà tí kì í gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì: èwo ni kí ẹ rà nínú mẹ́ta yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ẹ ó máa fi darí hítà ilé yín, ẹ má tíì sanwó. Oríṣi mẹ́ta ni mo mọ̀. Àkọ́kọ́ ni thermostat tí áàpù ń darí, tó jẹ́ pé sáfà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń gba àṣẹ. Èkejì ni Honeywell Home evohome, tó ní olórí tirẹ̀ nínú ilé, ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fọwọ́ tẹ̀ lójú. Ẹ̀kẹta ni fáfù ara rédíétọ̀ tó ń lo Zigbee, ìyẹn rédíò kékeré tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí a so mọ́ Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ inú ilé, lórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi. Mo ti ra àkọ́kọ́ rí. Èkejì ni mo ń lò báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń lo ẹ̀kẹta.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ńkọ́?

Ibí ni ó ti dun mí. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún kan, àwọn tó ń gbẹ́ títì wa gé wáyà, íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Màmá mi ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n ti Abẹ́òkúta dé. Ohun tí mo kàn mọ́ ògiri kò ní bọ́tìnnì kankan, mo sì ti ṣètò rẹ̀ kí hítà máa kú láago mẹ́jọ àárọ̀ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn lórí àga, wọ́n wọ kóòtù mi, wọ́n fi ìró lé e, wọ́n gbá ike omi gbígbóná mọ́ àyà. “Ọmọ mi, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe ń tan nǹkan yìí ni?” Àmì róbótó kan ń yí ṣáá lójú fóònù mi, n kò sì rí èsì fún wọn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó wà, ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà lókè àjà ló wà. Àkàbà ni mo ń gùn lọ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ méjì tó kù.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn pín sí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èwo ló ní lọ́kàn. Ṣé ètò tó wà nílẹ̀ ni yóò kàn máa tẹ̀ lé? Ṣé mo lè fọwọ́ yí i padà? Ṣé fóònù mi ṣì lè darí rẹ̀ lórí Wi-Fi ilé? Tèmi ò kọjá ti àkọ́kọ́. Evohome ní ti àkọ́kọ́ àti èkejì: ètò wà lọ́wọ́ olórí rẹ̀, fáfù ara rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní kókó tí a ń yí, àmọ́ fóònù ní láti dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Home Assistant lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ráútà bá ṣáà ń ṣiṣẹ́.

Wáyà tó já ṣì kéré. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Google fòpin sí áàpù fún Nest Learning Thermostat ti 2011 àti 2012, àti ti Yúróòpù tó jáde ní 2014. Ó ṣì ṣeé yí lára ògiri, ìyẹn nìkan ló kù fún ẹni tó rà á. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ibí ti ní kí wọ́n sọ fún oníbàárà ìgbà tí wọn yóò fi máa tún ààbò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe dà. Ẹ wá déètì yẹn kí ẹ tó wo iye owó.

Ìyókù

Owó: evohome ló wọ́n jù, fáfù tirẹ̀ la sì ń rà fún rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ògiri: ìgbì rédíò 868 MHz ti evohome ń wọ bíríkì ju 2.4 GHz ti Zigbee lọ. Àbúrò mi ní láti ki sọ́kẹ́ẹ̀tì Zigbee, tó ń gba àṣẹ tó sì ń tún un rán síwájú, sídìí àtẹ̀gùn kí yàrá òkè tó gbọ́ràn.

Yàrá: 12 ni evohome lè dá darí, ó tó ilé wa.

Bí iná bá lọ, bọ́ílà fúnra rẹ̀ kú, kò sí èyí tó lè gbani nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èwo wá ni?

Ẹni tó ń dá gbé, tó sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, Home Assistant yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí káàdì ìrántí inú Raspberry Pi àbúrò mi bàjẹ́, kò sí ẹlòmíì nínú ilé tó mọ ọ̀nà rẹ̀, àfi ìgbà tó dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Àpò tí kò fẹ̀ lè ra thermostat aláàápù, bó bá ti ní kókó lára. Ilé tí ọmọdé àti àgbà jọ ń gbé, ohun tí gbogbo ọwọ́ lè yí ni kí ẹ rà síbẹ̀.

Màmá mi tún wá lọ́dún tó kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọjú sí yàrá wọn. Wọ́n ti yí kókó rédíétọ̀ dé 23 fúnra wọn, kóòtù mi wà lára ìkọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí mo fi í sí.