Awò VR fún àbúrò mi tó ń gbọ́ ohùn: ohun tí ojú wa rí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Tí ẹ bá fẹ́ mú ẹni yín lọ síbi tí wọ́n ti ń fi awò VR (awò tó ń bo ojú pátápátá, tó ń fi ayé inú kọ̀ǹpútà han èèyàn) kọ́ ẹni tó ní àrùn ọpọlọ ní ìrántí àti ìrònú, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó: ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí awò bá bò ó lójú, ibo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà yóò sì jókòó sí? N kò ní dárúkọ ibi tí àwa ń lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí.

Àbúrò mi ọkùnrin ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí àwa kò gbọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń gbà lóṣooṣù ti lé àwọn ohùn náà jìnnà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kò mọ̀ ni pé oògùn yìí mọ ohùn àti ìfura í lé ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan fún ìrántí, ìfọkànsí àti ètò ṣíṣe. Ẹ ní kí àbúrò mi mú nǹkan mẹ́ta wá, yóò mú ẹyọ kan, yóò wá dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù pròfíṣàn ni mo ní ní Tákíé, iwájú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ó máa ń làágùn níbi tó ti ń wá ohun tí mo rán an.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Ilé ìtọ́jú aládàáni ni, ó mọ́, àga wà, omi tútù wà. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbé awò lé àbúrò mi lójú, ó fa okùn rẹ̀ le lẹ́yìn orí, ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́ létí. Kànìnkànìn tó wà ní etí awò náà ń rùn fún ìpara irun ẹlòmíì, ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn náà. Ó ní, "Brother, ẹ fọkàn balẹ̀," ó sì bọ́ sí yàrá kejì níbi tí kọ̀ǹpútà wà. Èmi jókòó sórí àga oníke lẹ́bàá ògiri.

Àbúrò mi dúró láàárín yàrá, kọ̀ntírólà wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ilé ìdáná tí èmi kò rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Inú mi ti ń dùn. Àfi bó ṣe dúró gbagidi, tí èjìká rẹ̀ méjèèjì gòkè. Ó já awò náà kúrò lójú, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òtítọ́ ni, òtítọ́ yẹn gan-an ló sì kó jìnnìjìnnì bá a jù.

Ọmọkùnrin yẹn ló ti sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Inú íápíìsì ni ohùn rẹ̀ gbà wọlé, àbúrò mi nìkan ló gbọ́ ọ: "Ẹ yí sọ́wọ́ ọ̀tún. Mò ń wò yín." Ẹ dákun, ẹ tún un kà. Ẹni tí ohùn àìrí ti ń sọ fún láti ọjọ́ yìí pé "À ń wò ẹ́", ẹ wá ki ohùn tí kò lójú bọ̀ ọ́ létí, ohùn náà wá ní òun ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ohùn yóò wọlé. Nígbà tí ọmọ náà sáré dé, tó ń pariwo pé "Èmi ni, èmi ni mo sọ̀rọ̀ o," àbúrò mi ti bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà ní rìsẹ́pṣọ̀n. Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá wọn. Kò gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ti lọ sí Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá wò mí, ó ní: "Mà, ẹ̀rọ kì í dẹ́rù ba èèyàn. Àìsàn wọn ni." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ! Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, nítorí a kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ní ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ohun tó bá sì ti wọ inú kọ̀ǹpútà kì í jáde. Owó ìjókòó kan níbẹ̀ ju owó páálí Indomie kan lọ, èmi tí mò ń tà á ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí, ìràwọ̀ 1 ni mo sì ní lọ́kàn. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ kò ṣe é kà níwájú ọmọdé.

Ohun tó yí i padà ni nọ́ọ̀sì àgbà kan. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi tí n kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ó wá kọjú sí àbúrò mi, kì í ṣe èmi: "Ẹ má bínú, sà. Ohùn tí ẹ gbọ́, ohùn gidi ni. Òṣìṣẹ́ wa ni. Ó yẹ ká ti sọ fún yín." Mo rí i bí ara àbúrò mi ṣe rọ̀ nígbà tó gbọ́ "ohùn gidi ni".

Ó gbà láti padà lọ, àmọ́ nǹkan yí padà. Wọ́n yọ íápíìsì. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí kékeré lápá òsì rẹ̀, kì í sì sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ sọ pé "Èmi nọ́ọ̀sì ni." Kó tó gbé awò fún un, yóò bi í bó ṣe sùn àti bóyá àwọn ohùn yẹn wà nítòsí lónìí. Tí wọ́n bá wà, kò sí awò lọ́jọ́ náà, ìwé àti bírò ni wọ́n á lò. Bí orí bá fẹ́ máa yí i, tàbí tí èébì ń gbé e, torí awò yìí máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ kíá.

Ètò inú awò náà fúnra rẹ̀ kò burú, àmọ́ òyìnbó ni látòkè délẹ̀. Ẹ ó wà nínú ilé ìdáná, ẹ ó yẹ ohun tó wà nílẹ̀ wò, ẹ ó mọ ohun tó kù, ẹ ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sanwó. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ti ní irú rẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní VRFCAT, wọ́n fi ń dán an wò bóyá èèyàn lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewébẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà lórí pẹpẹ wọn, pọ́n-ùn ni owó wọn. Àbúrò mi bèèrè pé, "Ẹ̀wà ńkọ́?" Kò sí ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì náà kò fi mọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti bọ́ awò, á kó náírà gidi sórí tábìlì, á ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú gaàrí, èlùbọ́, iyọ̀ àti epo pupa.

Ọgbọ́n tó ń kọ́ ọ gan-an ló wù mí. Kì í sọ fún un pé "gbìyànjú láti rántí." Ó ní kó pín ọjà sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n wà: ti òkè, ti àárín, ti ilẹ̀. Kó fi àtàǹpàkò kan ìka kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kó máa tún un sọ lábẹ́ ẹnu. Tó bá sọnù lọ́kàn rẹ̀, kó béèrè, kó má dúró.

Inú tí mo bí mú kí n lọ kàwé nípa rẹ̀, ohun tí mo sì rí kò gbe ọmọ ẹlẹ́rọ yẹn rárá. Ní 2021, Vita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 130 jọ sínú JAMA Psychiatry, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn ọpọlọ, lórí èèyàn 8,851 tó ní irú àrùn yìí tí wọ́n kọ́ ní ìrántí àti ìrònú. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò tiẹ̀ lo awò. Ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́, bí kò tilẹ̀ pọ̀, ó sì ṣiṣẹ́ jù níbi tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ bá ti wà, tí wọ́n bá kọ́ni lọ́gbọ́n tí èèyàn lè mú lò, tí wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ìgbé ayé ẹni. Ní ti awò, Freeman àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Oxford fi gameChange, ètò ìtọ́jú kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú awò, ṣe ìwádìí lórí èèyàn 346 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n jáde nílé. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú Lancet Psychiatry ní 2022. Àwòrán olùkọ́ kan ló ń darí wọn nínú awò, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ gidi wà pẹ̀lú wọn. Àwọn tí ìbẹ̀rù wọn le jù ló jàǹfààní jù. Kí a tó lọ jìnnà náà, Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti fi èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954: nígbà náà, aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá gbé yàrá kejì lé wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mi kan láti Sábó wọlé, ó ń kánjú, ó rọ̀jò ọ̀rọ̀ sílẹ̀: mílíìkì, súgà, Maggi, ọṣẹ ìfọṣọ, ṣáṣáná, àti ororo kékeré kan. Mò ń bá ẹlòmíì ṣírò owó. Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti dìde. Mo fẹ́ sọ pé kó jókòó, mo gbé e mì. Ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń kan ìka. Ó gun àpótí, ó kó ti òkè: mílíìkì, súgà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kó Maggi àti ṣáṣáná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọṣẹ. Ó dúró. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan kù tí ẹ sọ." Obìnrin náà ní, "Ororo ni, ọmọ mi." Ó lọ mú un. Obìnrin náà sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ṣi owó ẹni tí mò ń bá ṣírò ka.

Kì í ṣe pé ó ti rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ o. Ọjọ́ tí kò bá sùn dáadáa, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Tí wọ́n bá sì mú iná lọ níbẹ̀ tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wọn á kú, ètò á dúró, wọ́n á ní kí ẹ padà wá. Ọmọ ẹlẹ́rọ yẹn ti ń jókòó sínú yàrá kan náà báyìí, ó sì ti ń fi sípíríìtì nu awò kó tó gbé e fúnni. Ọmọbìnrin rìsẹ́pṣọ̀n kò tíì yí padà. Mo béèrè owó mi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọ̀gá wà ní Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì nìkan, mo fún un ní 5 nínú 5, n kò sì ní gbà kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú náà lápapọ̀, ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọjọ́ tí owó mi bá jáde nínú kọ̀ǹpútà, ó máa di 3. A ṣì ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.